Báàṣì wó lórí àlejò: ta ni àsíráńsì oníṣòwò ń sanwó fún?

Sátidé kan ni, nígbà tí òjò ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n háyà báàṣì mẹ́fà àti igba àga lọ́wọ́ mi fún ìnáwó òkú kan ní Tokpota, níhìn-ín l'Àjàṣẹ́. Báàṣì ni tiwa o, kánópì ni àwọn ará Èkó ń pè é. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti na gbogbo rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Èèkàn ni kò tó. Wọ́n bá so okùn báàṣì tó kángun sí títì mọ́ bíríkì méjì, wọ́n ní yóò gbé e. Èmi náà kọjá níbẹ̀, mo rí i, n kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n ń bu oúnjẹ lọ́wọ́ ni ẹ̀fúùfù dé, irú èyí tó máa ń ṣáájú òjò oṣù Kẹrin. Ó gbé báàṣì náà bí ìgbà tí ọmọdé gbé agboòrùn, bíríkì méjèèjì sì ń wọ́ tẹ̀lé e. Irin kan balẹ̀ sí èjìká ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó jẹ́jẹ́ rẹ̀. Eegun rẹ̀ kán. Irin kejì fọ́ gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ àlejò kan.

Nígbà tí a gbé ìyá dé ilé ìwòsàn tán, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni ìwé àsíráńsì ọkọ̀ akẹ́rù mi. Mo rántí pé wọ́n kọ «Responsabilité Civile», ìyẹn ẹ̀bi tí ènìyàn jẹ sí ẹlòmíràn, sí i gàdàgbà gadagba. Ara tù mí díẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo mú ìwé náà, mo lọ sí ilé iṣẹ́ wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbà mí lálejò fetí sílẹ̀ títí mo fi rojọ́ tán, ó wá ní:

«Pàtírọ́ọ̀nù, ẹ má bínú, ṣé ọkọ̀ yín ló gbá ìyá náà?»

Mo ní rárá, báàṣì ni.

«Ṣé orí ọkọ̀ ni báàṣì wà nígbà tó ṣubú?»

Mo ní ó ti wà lórí ìdúró láti àárọ̀, ọkọ̀ ti padà sílé.

Ó rọra pa ìwé mi dé. «Tó bá jẹ́ pé lójú ọ̀nà ló já bọ́ lórí ọkọ̀, ọ̀rọ̀ wa nìyẹn. Ìwé yìí, ọkọ̀ ló ń tẹ̀lé. Èyí tí ẹ ń wá, ti oníṣòwò ni, ẹ kò tíì rà á.»

Lójú tèmi nígbà náà, àsíráńsì ni àsíráńsì. Mo ti sanwó, kí àwọn náà san. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀ ní ọjà Ouando, mo sì rí i pé èmi nìkan kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀ fún. Ẹni tó ní ti ọkọ̀ rò pé ó kan ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ní ti iná rò pé bí kọ́sítọ́mà bá ṣubú lórí àtẹ̀gùn òun, iná náà ni yóò san án. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí.

Orúkọ rẹ̀ lórí ìwé ni «assurance de responsabilité civile exploitation». «RC» làwọn tó ń tà á máa ń pè é. Àwọn tó ń kọ ìwé Yorùbá ní Nàìjíríà ní ìdójútòfò fún àsíráńsì lápapọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dára, ṣùgbọ́n òfò ta ni à ń wí? Òfò tìrẹ kọ́ lèyí ń dójú tì. Nítorí náà, láàárín èmi àti àwọn ènìyàn mi, àsíráńsì ẹ̀bi ni mo ń pè é. Ẹ̀bi o, kì í ṣe ẹbí. Ẹ̀ẹ́ rí i láìpẹ́ pé ìyàtọ̀ àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí wọ inú ìwé àdéhùn gan-an.

Àsíráńsì iná ń ṣọ́ ọjà rẹ. Ti olè ń ṣọ́ ọjà rẹ. Àsíráńsì ẹ̀bi kò ṣọ́ nǹkan kan tó jẹ́ tìrẹ, àfi àpò rẹ, ní ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá dìde tó ní: «Iṣẹ́ tí ò ń ṣe ló ṣe mí léṣe, wá tún ayé mi ṣe.» Ẹni náà ni àsíráńsì máa sanwó fún. Ìwọ lo san owó ọdọọdún, òun ni yóò gba owó ìtanràn. Ọ̀pọ̀ ló bínú nígbà tí wọ́n gbọ́ èyí lẹ́nu mi. Wọ́n ní, «Kí wá ni èrè tèmi?» Èrè rẹ ni pé o kò ní ta ilẹ̀ baba rẹ.

Kí ló dé tí ẹlòmíràn fi lè ní owó láti gbà lọ́wọ́ rẹ? Òfin náà ti pẹ́. Code civil tí àwọn Faransé ṣe ní 1804, tó bá ìjọba amúnisìn wọlé, ni ilé ẹjọ́ ní Bẹ̀nẹ̀ ṣì ń tọ́ka sí lórí irú ọ̀ràn yìí. Ẹsẹ 1382 sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá fi ẹ̀bi rẹ̀ pa ẹlòmíràn lára gbọ́dọ̀ tún un ṣe. 1383 fi àìbìkítà kún un, pé kì í ṣe ohun tí o ṣe nìkan, ohun tó yẹ kí o ṣe tí o kò ṣe náà wà níbẹ̀. Bíríkì méjì tí mo rí tí mo dákẹ́, 1383 nìyẹn.

Èyí tó kan àwa oníṣẹ́ ọwọ́ jù ni 1384. Ó ní ènìyàn ń jẹ̀bi nítorí ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, àti nítorí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó dárúkọ ọ̀gá tó gbà ọmọ iṣẹ́ sọ́dọ̀: ohunkóhun tí ọmọ iṣẹ́ bá bàjẹ́ níwọ̀n ìgbà tó wà lábẹ́ àbójútó ọ̀gá, ọrùn ọ̀gá ló wà. Ẹ ro bí a ṣe ń gba ọmọ iṣẹ́ nílẹ̀ yìí. Aránṣọ kan lè ní mẹ́jọ, mẹ́kàníìkì lè ní mẹ́wàá, ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó ṣe «libération» fún wọn. Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, ọwọ́ mẹ́wàá ló ń ṣiṣẹ́, ọrùn kan ló ń ru ẹ̀bi. Àwọn ọmọ mi ló so okùn mọ́ bíríkì. Kò sí ẹni tó béèrè wọn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n wọ inú ohun tó ń da àwọn ènìyàn rú jù: kí ló wà nínú rẹ̀, kí ni kò sí nínú rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń fi wọ̀n ọ́n: ta ló fara gbá a?

Bó bá jẹ́ ìwọ ọ̀gá ni, kò sí nínú rẹ̀. Bí báàṣì bá wó lé èmi fúnra mi lórí, tàbí tí aṣọ báàṣì náà ya, àdánù mi ni.

Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ ni, kò sí nínú rẹ̀. Ti òṣìṣẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀: Caisse Nationale de Sécurité Sociale, CNSS tí a mọ̀, ni ó ń bójú tó ìjàm̀bá lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn fún ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ńkọ́? Ẹ béèrè, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ìdáhùn sínú ìwé. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ṣe ẹlòmíràn léṣe, ìyẹn yẹ kó wà níbẹ̀. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ṣèṣe, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, àdéhùn kan kò sì dà bí èkejì.

Bó bá jẹ́ ìyàwó rẹ ni, tàbí ọkọ rẹ, tàbí ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ, ọ̀pọ̀ àdéhùn ló ní wọn kì í ṣe «tiers». Tiers ni ẹni tó wà níta, àlejò, kọ́sítọ́mà, aládùúgbò, ẹni tó ń kọjá lọ. Ẹbí kì í sábà sí nínú àsíráńsì ẹ̀bi. Mo mọ obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójoojúmọ́ lẹ́yìn ilé ìwé. Ibi tó ti yẹ kó kọ́kọ́ ka ìwé rẹ̀ nìyẹn.

Bó bá jẹ́ ará ìta ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sí ibi tí RC wà. Ìyá tí irin bà ní èjìká, ọkọ̀ tí gíláàsì rẹ̀ fọ́, àwọn méjèèjì ì bá wà níbẹ̀. Ohun kẹta tún wà tí n kò retí. Ìyá náà ń ta èlùbọ́ ní Attakè. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ra káyé ìwé kan, ó ń kọ gbogbo ọjọ́ ọjà tí ìyá rẹ̀ kò lè lọ sínú rẹ̀, pẹ̀lú iye tí ì bá pa, ó fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó gbé káyé náà wá, inú bí mi. Mo ní ṣé ìwòsàn tí mo san kò tó ni? Òun ló jàre. Ẹni tí o sọ di aláìlèṣiṣẹ́, owó iṣẹ́ tó sọnù wà lára ohun tí òfin ní kí o tún ṣe. Lórí ìwé àsíráńsì, orúkọ mẹ́ta ló ní: «corporels» fún ara, «matériels» fún ohun ìní, «immatériels» fún owó tó bọ́ sọnù nítorí méjì àkọ́kọ́. Iye tí àsíráńsì lè san fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lè yàtọ̀, nítorí náà ẹ wo gbogbo ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun ará ìta ló wà níbẹ̀, ibí yìí sì ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń yọ̀. Ẹ fojú inú wo aránṣọ kan ní Kétu, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí Akàbà Ìdènà. Kọ́sítọ́mà gbé léèsì wá, léèsì ìyàwó tuntun, 80.000 sẹ́fà. Obìnrin náà mú ọmọ rẹ̀ kékeré dání. Ọmọ iṣẹ́ ń lọṣọ, ó yíjú, áyọ́ọ̀nù gbígbóná bọ́ sórí léèsì, ó jó o ní ihò ńlá, láti orí léèsì ó já bọ́ sí ẹsẹ̀ ọmọ náà. Áyọ́ọ̀nù kan, ìṣẹ́jú kan, ẹ̀bi kan. RC lásán yóò sanwó ìtọ́jú ẹsẹ̀ ọmọ. Kò ní san kọ́bọ̀ lórí léèsì.

Ìdí ni pé ohun tí wọ́n fi sí ọ lọ́wọ́ láti ṣiṣẹ́ lé lórí, «biens confiés» ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ àdéhùn ló sì yọ ọ́ kúrò, àfi bí o bá rà á kún un. Aránṣọ, alágbàfọ̀, mẹ́kàníìkì tó ní ọkọ̀ mẹ́rin ọlọ́kọ̀ nínú ọgbà, ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ohun tó wà lọ́wọ́ wọn láti àárọ̀ dé alẹ́ ni ohun oníǹkan. Bí irú wọn bá ra RC láìsí biens confiés, mo rò pé ẹni tó tà á fún wọn kò bá wọn sòótọ́.

Ohun kejì tó fara jọ ọ́ ni èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ. Ìyá olóúnjẹ kan ní Ṣábẹ̀ lè ní ilé oúnjẹ, kó tún máa se fún ìnáwó. Ẹni tó yọ̀ ṣubú lórí sìmẹ́ǹtì tútù nínú ilé oúnjẹ rẹ̀, RC exploitation nìyẹn. Ẹni tó jẹ ẹja rẹ̀ níbi ìkómọ, tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún ní òru, ti «après livraison» ni, ẹ̀ka mìíràn tí ó gbọ́dọ̀ béèrè lórúkọ. Bákan náà ni wẹ́dà tó ṣe gẹ́ètì. Bí gẹ́ètì bá wó lé ẹnì kan lórí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, après livraison lè sanwó ẹni tó farapa, ṣùgbọ́n kò ní san owó gẹ́ètì tuntun. Iṣẹ́ burúkú tí o ṣe, ìwọ ni yóò tún un ṣe. Ní ti àwọn tó ń ta ìmọ̀ràn, àwọn akọ̀wé owó, àwọn ayàwòrán ilé, RC professionnelle ni tiwọn, n kò ní bá a jìnnà níhìn-ín.

Ohun tí o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kò sí nínú èyíkéyìí. Bí o bá fi àga la kọ́sítọ́mà lórí nítorí pé kò sanwó, ìwọ àti kọmisáríà lẹ jọ ní in.

Iná yẹ fún ìpínrọ̀ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ń háyà ṣọ́ọ̀bù. Ẹsẹ 1733 nínú Code civil yẹn sọ pé bí iná bá jó ilé tí o háyà, ìwọ ayálégbé lo ní in lọ́rùn, àfi bí o bá fi hàn pé àdéédé agbára tó ju ènìyàn lọ ni, tàbí pé bí wọ́n ṣe kọ́ ilé náà ló fà á, tàbí pé ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni iná ti wá. Ìwọ ni yóò wá ẹ̀rí, kì í ṣe onílé. Iná náà tún lè sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta tó tẹ̀ lé tìrẹ. Níbí, inú àsíráńsì iná ni wọ́n máa ń fi ìdáàbòbò wọ̀nyí sí, kì í ṣe inú RC: «risques locatifs» fún onílé, «recours des voisins et des tiers» fún aládùúgbò. Ẹni tó bá ra àsíráńsì iná fún ọjà rẹ̀ nìkan ti ṣe ìdajì iṣẹ́.

Ẹ má sì purọ́ nípa kpayo, bẹntiró fàyàwọ́. Mo mọ̀ pé ìgò bẹntiró wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù púpọ̀, àbúrò ẹnì kan ló ń tà á, tàbí ìyàwó ẹnì kan. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, iná jó ibi ìkó-bẹntiró-sí kan ní Sèmè-Kraké, ènìyàn tó kú lé ní 30. Nígbà tí ilé àsíráńsì bá béèrè ohun tó wà láyìíká iṣẹ́ rẹ, ohun tí wọ́n ń wò nìyẹn. Code CIMA, òfin àsíráńsì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1995 ní Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Nìjẹ̀ àti àwọn orílẹ̀-èdè tó kù nínú ẹgbẹ́ CIMA, sọ ọ́ láìfi bò: ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan pamọ́, àdéhùn rẹ̀ di òfo, owó tó ti san sì ti lọ. Nàìjíríà kò sí nínú CIMA o. Ẹ̀yin ará Kétu tí ẹ ní ìbátan ní ìkejì bodè, ohun tí wọ́n bá sọ fún yín nípa àsíráńsì tiwọn lè jẹ́ òótọ́ níbẹ̀ kó má jẹ́ òótọ́ níhìn-ín.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àṣà wa àti ìwé àdéhùn ti ń kọlu ara wọn. Bí a bá ṣe ọmọlọ́mọ léṣe, a máa ń kó àgbà méjì-mẹ́ta lẹ́yìn ni, a ó lọ dọ̀bálẹ̀, a ó ní àwa la jẹ̀bi, ẹ fojú àánú wò wá, ohunkóhun tó bá ná yín, àwa la ó san án. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, èmi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti ìmáàmù àdúgbò wa wà ní ilé olórí àdúgbò, mo sì tọwọ́ bọ ìwé pé èmi ni n ó san gbogbo rẹ̀. Gbogbo rẹ̀. Kò sí iye kankan lórí ìwé náà. Káyé ọmọ ìyá náà, orí ìwé yẹn ló dúró lé.

Bó bá jẹ́ pé mo ní RC, ìwé yẹn ì bá kó mi sí wàhálà. Code CIMA gba ilé àsíráńsì láyè láti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí o bá gba ẹ̀bi, tàbí tí o bá bá ẹni tó farapa ṣe àdéhùn láìsí àwọn níbẹ̀, kò kàn wọ́n. Wọn kò ní gbé e jáde lẹ́nu rẹ, wọn kò sì ní san án. Ìdí wọn yé mi: ẹni tí kì í ṣe owó òun, ó rọrùn fún un láti lawọ́. Ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ pé kí ènìyàn jẹ́wọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí kó gba ẹ̀bi. Nítorí náà, ẹ lọ kí aláìsàn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ gbé ọsàn àti bíṣíkíìtì lọ. Ẹ sọ pé báàṣì mi ló wó, okùn ló yọ, àánú yín ṣe wá. Èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ tọwọ́ bọ ìwé pé ẹ jẹ̀bi àti pé ẹ ó san iye kan. Àwọn àgbà tí ẹ bá mú lọ, ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí ẹnu àgbà máa ń sáré níbi ẹ̀bẹ̀.

Ẹ tún tètè sọ fún ilé àsíráńsì. Gbèdéke ọjọ́ wà nínú àdéhùn. Òfin kò jẹ́ kí wọ́n fún yín ní ohun tó kéré sí ọjọ́ iṣẹ́ 5. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà sórí ẹ̀dà tiyín. Bí ẹni tó farapa bá lọ sí ilé ẹjọ́, ìwé ìpẹ̀jọ́ náà, ọjọ́ kan náà ni kó dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn àwọn ni yóò wá lọ́yà, àwọn ni yóò sì darí ẹjọ́. Bí ẹ̀yin àti ilé àsíráńsì bá ní ìjà, ọdún 2 ni òfin fún yín láti pe ẹjọ́. Ẹ má jẹ́ kí «ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀» gbé ọdún méjì náà lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Òfin kò fi RC ṣe dandan fún gbogbo oníṣòwò bó ṣe fi ti ọkọ̀ ṣe dandan, ìyẹn náà ló fà á tí ọ̀pọ̀ kò fi mọ̀ pé ó wà. Iye tí o máa san lọ́dún, «prime», wọ́n ń wo iṣẹ́ rẹ, owó tó ń wọlé fún ọ àti iye ènìyàn tó ń bá ọ ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó dá a. «Plafond» ni òkè tí owó àsíráńsì kò lè kọjá. «Franchise» ni apá tí ìwọ fúnra rẹ ń gbé nínú gbogbo ìjàm̀bá. Ká ní plafond rẹ jẹ́ 10.000.000, franchise jẹ́ 100.000, ohun tó bàjẹ́ sì jẹ́ 700.000: àwọn yóò san 600.000, ìwọ yóò san 100.000. Bó bá jẹ́ 12.000.000 ló bàjẹ́, 2.000.000 tó lé padà sọ́dọ̀ rẹ. Bí prime tó kéré bá wu ẹnì kan, kó yí ojú sí franchise rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbà á padà.

Èyí tó dùn mọ́ àwọn ọlọ́gbọ́n àrékérekè láti ṣe ni kí wọ́n dín iṣẹ́ wọn kù lórí ìwé. Ẹni tó ní báàṣì 30 á kọ 15 kí prime lè rọ̀. Bí wọ́n bá rí i pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, mo ti sọ ohun tí òfin wí. Bí kò bá mọ̀ọ́mọ̀ tiẹ̀ ni, tí wọ́n sì rí i lẹ́yìn ìjàm̀bá, wọn yóò fi ìṣirò dín in kù: ká ní ó yẹ kó san 90.000, ó sì san 60.000, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni yóò gbà. Ìjàm̀bá 900.000 di 600.000, a kò tíì yọ franchise.

Àwìn kò sì sí. Láti 2011, Code CIMA ti ka á léèwọ̀ fún ilé àsíráńsì láti ta àdéhùn tí wọn kò tíì sanwó rẹ̀. Kò sí owó, kò sí àsíráńsì, bí ọ̀rẹ́ rẹ tilẹ̀ ni aṣojú wọn. Ẹni tó ní «màá kó o wá lọ́jọ́ ọjà» kò ní nǹkan kan títí di ọjọ́ ọjà náà.

Bí ìwé bá dé ọwọ́ yín, Faransé ni, ó sì gùn. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. «Conditions générales» ni ìwé tó nípọn, bákan náà ni fún gbogbo ènìyàn. «Conditions particulières» ni ewé méjì tàbí mẹ́ta tó ní orúkọ yín, òun ló sì borí bí méjèèjì bá ta kora. Ẹ ka ìyẹn lákọ̀ọ́kọ́: ṣé iṣẹ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lóòótọ́? Tèmi, nígbà tí mo padà wá rà á, «commerce général» ni wọ́n kọ́kọ́ kọ. Mo ní rárá, ẹ kọ ọ́ pé háyà báàṣì àti àga, pẹ̀lú nínà àti títú. Ọ̀rọ̀ «nínà àti títú» yẹn ni gbogbo iṣẹ́ mi. Ibẹ̀ ni irin ti ń ṣubú. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ «exclusions» sí. Òfin ní lẹ́tà tó hàn ketekete ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi tẹ ohun tí wọn kò ní san. Ọmọ yín tó wà ní iléèwé gíga lè kà á fún yín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

Ohun tí báàṣì yẹn ná mi kù díẹ̀ kó pé 600.000 sẹ́fà: ìwòsàn, gíláàsì, káyé. Oṣù méje ni mo fi san án. Ìyá náà ti padà sídìí èlùbọ́ rẹ̀, èjìká rẹ̀ ọ̀hún ṣì ga ju èkejì lọ díẹ̀. Bí mo bá kọjá ní Attakè, ó máa ń ní, «Ọmọ mi, oníbáàṣì, afẹ́fẹ́ ń bọ̀ o.»

Kí wọ́n tó fún mi ní ìwé RC, ilé àsíráńsì rán ọkùnrin kan wá wo ibi ìkẹ́rùsí mi. Mo ti nu àwọn àga, mo ti to aṣọ báàṣì lélẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ kó lè rí i pé tuntun ni wọ́n. Kò wo ìkankan nínú wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú igun, ó tú àpò àwọn èèkàn sílẹ̀, ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.